Ìwọ̀n Kẹ́hìndé ní Ọjọ́ Ìbí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ìbejì Kan ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 46 kan wọ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlọrin, nítorí orí fífọ́ tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún ọjọ́ mẹ́ta àti ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 178/112, bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pé 140/90 ni a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó fi ohunkóhun kan ẹnu, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 9.4 mmol/L. Bí ó bá ti pé 7.0 lórí ebi, àtọ̀gbẹ ni, àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kò sì sọ ohun tó yàtọ̀. Purotéènì ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Ó wọn kílò 84, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.56. Ẹni tó fi ọkọ̀ gbé e wá jókòó ti ibùsùn rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì bá òun náà wọn ìfúnpá tirẹ̀: 126/80. Ṣúgà tirẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹ́ 5.1. Inú oyún kan náà ni wọ́n ti jọ wá.

Ẹni tó ń ṣàìsàn ni Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó gbé e wá ni Táyé. Èmi ni Ìdòwú tí wọ́n bí tẹ̀lé wọn, mo sì jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti ń wọn ọmọ tuntun ní Ìlọrin láti ọdún 2006. Àwọn méjèèjì gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó gbé e jáde. Nílé, "ẹ" ni mo ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí wọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n níhìn-ín "ó" ni n óò máa lò, torí bí mo bá ń kọ "wọ́n" fún Kẹ́hìndé nìkan, òǹkàwé kò ní mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹnì kan àti ìgbà tó kan àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì gan-an ni ìdí tí mo fi ń kọ̀wé.

Oṣù Kẹta ọdún 1976 ni Màmá wa bí wọn, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà tó ti Ìlọrin àti Ìdọ̀fián bọ̀ ti pínyà, tí ẹ̀ka kan forí lé Ọ̀fà, tí èkejì gba Ọ̀rọ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Màmá sọ pé oúnjẹ inú àká ti ń lọ sópin nígbà náà, pé ibà dá òun dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí oyún náà wà ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, àti pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé ìbejì ni òun gbé títí tí òun fi rọbí. Táyé ló kọ́kọ́ dé. Agbẹ̀bí gbé e lé ìwọ̀n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún àti ìdá mẹ́rin kan, èyí tó tó nǹkan bíi kílò 2.4. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Kẹ́hìndé tẹ̀lé e, òun sì jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta ààbọ̀, ìyẹn kílò 1.6. Bí ọmọ kò bá ti pé kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i, a kà á sí ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré, nítorí náà àwọn méjèèjì ló wà lábẹ́ ìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tí àṣà wa kà sí ẹ̀gbọ́n, tó rán ìkejì rẹ̀ síwájú kí ó lọ wo bí ayé ṣe rí, ni ó fi bí ìdá mẹ́ta kéré sí èkejì.

Wọ́n rò pé kò ní pẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń mú ọmọ tí kò pọ́n móoru ní ilé ìgbẹ̀bí náà, ọ̀nà Ìlọrin sì jìn fún ọmọ tí mímí rẹ̀ ń já gán-ín-gán-ín. Màmá-màmá wa ló bọ́ aṣọ lára ọmọ náà, tó so ó mọ́ àyà ara tirẹ̀ lábẹ́ ìró, tí wọ́n sì ń fún ọmú Màmá sínú ife, tí wọ́n ń fi síbí kékeré kán an sí i lẹ́nu. Lọ́dún 1978, àwọn dókítà kan ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Colombia, bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn nítorí pé ẹ̀rọ kò kárí ọmọ tí wọ́n ń bí, lónìí sì rèé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń dá a lábàá fún gbogbo ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé nínú ìtàn àìsàn Kẹ́hìndé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a mẹ́nu bà ni pé ó yè, àti ọwọ́ tó gbà á là.

Yàtọ̀ sí ìwé ìbí, Màmá tún ní káàdì ìdàgbàsókè ti àwọn méjèèjì, irú èyí tí wọ́n fa ìlà méjì sí bí ojú ọ̀nà, tí wọ́n ń fi kíkùn bíńtín sàmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Ilẹ̀ Yorùbá ni káàdì yìí ti gbilẹ̀: ọ̀dọ̀ Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, ni ó ti jáde kí ó tó tàn káàkiri àgbáyé. Lórí káàdì yìí, Kẹ́hìndé jẹ́ kílò 6.4 nígbà tó pé ọdún kan, Táyé sì jẹ́ 8.1. Nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì, Kẹ́hìndé jẹ́ 8.3, Táyé jẹ́ 10.6. Ìlà ti Táyé ń bá ojú ọ̀nà náà lọ jẹ́jẹ́. Ti Kẹ́hìndé wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó ń rìn nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Nígbà tó di ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, àbúrò Bàbá wa obìnrin, tó ń ta oúnjẹ nítòsí Ọjà Ọba ní Ìlọrin, tí Ọlọ́run kò sì tíì fún lọ́mọ nígbà náà, wá gbà á láti bá wọn tọ́ ọ. Ìfẹ́ ló fi tọ́ ọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ohun tí mo ń sọ sí ẹ̀sùn. Láàárọ̀, àmàlà àti gbẹ̀gìrì. Lọ́sàn-án, wàrà tí wọ́n dín nínú òróró, pẹ̀lú wáínà. Lálẹ́, búrẹ́dì àti mílíìkì tí wọ́n po ṣúgà sí. Bí wọ́n bá mú un wá kí wa nígbà ọdún Iléyá, agbo ni àwọn ará ilé máa ń pa yí i ká, tí wọ́n ń dúpẹ́ pé ọmọ tí a ti sunkún rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún tó báyìí. Ní ọdún márùn-ún, ó jẹ́ kílò 21, Táyé tó dúró sílé sì jẹ́ 17. Lórí káàdì, ìlà Kẹ́hìndé jáde láti inú kòtò, ó sọdá ojú ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì láàárín ọdún méjì ààbọ̀. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tó wo ìlà náà tí kò ní yọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni nọ́ọ̀sì tó kùn ún, èmi náà ì bá yọ̀.

Kẹ́hìndé jogún ilé oúnjẹ náà. Ọdún 2006, nígbà tó di ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó lóyún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ní oṣù kẹjọ, ìfúnpá rẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì gbẹ̀bí fún un ní ọ̀sẹ̀ 37. Ọmọbìnrin ni. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n jẹ́ kí n wọn ọmọ náà: kílò 2.1. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, pé yóò lọ bí ọmọ bá ti dé ilẹ̀, ó sì lọ ní tòótọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, fún ọdún 16, kò sí ẹni tó tún wọn ìfúnpá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ ni pé obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru nínú oyún wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru ju ẹlòmíràn lọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àti pé obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kéré nígbà tí wọ́n bí i ni irú ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ́ẹ̀ máa ń bá jà jù. Mo mọ ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní nígbà náà. N kò mọ èkejì. Bí orí bá ń fọ́ ọ, ibuprofen ni ó ń lò. Bí ara bá ń ro ó, àgbo ni. Méjèèjì kì í bá kíndìnrín tó ti rẹ̀ ṣe rere, ibuprofen sì tún máa ń ti ìfúnpá sókè.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ní 2022, wọ́n fún un ní oògùn tó yẹ, wọn kò sì fi àkókò ṣòfò. Èyí ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ kò dára. Ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun dúró lórí rẹ̀ nínú yàrá tí àwọn aláìsàn mìíràn wà, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, ẹnu yín ló ń kó bá yín." Kẹ́hìndé yí ojú sí ògiri. Nígbà tó yá, tó padà délé, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tí òun ti ń jẹun, ó sì ń fo oògùn nígbà mìíràn nítorí pé bí ó bá ti ń lò ó, ó dà bíi pé ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ti ẹbí burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àgbàlagbà kan nínú agbolé wa wo àwọn méjèèjì, ó rí i pé ọ̀kan ń ṣàìsàn, ọ̀kan sì le koko bí ọta, ó wá sọ ọ́ létígbọ̀ọ́ ènìyàn pé, "Táyé ti jẹ ti ara rẹ̀ mọ́ ti Kẹ́hìndé láti inú wá." Ọ̀rọ̀ náà dé etí Táyé. Fún nǹkan bí oṣù méjì, Táyé, tó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀fà, kò yọjú sí Ìlọrin mọ́. Owó oògùn ni ó ń fi ránṣẹ́. Èmi kò lè dárí ji ọ̀rọ̀ yẹn ní kíákíá, pàápàá nítorí pé ó sún mọ́ òtítọ́ kan: ìpín tó wà nínú oyún náà kò dọ́gba ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ Táyé ló pín in.

A gbé Kẹ́hìndé lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ẹni tó mọ̀ nípa kíndìnrín. Màmá wa bá wa lọ. Dókítà náà yẹ gbogbo ìwé àyẹ̀wò wò, ó béèrè nípa oyún 2006, lẹ́yìn náà ó yíjú sí Màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bí àwọn ìbejì yìí, ǹjẹ́ ẹ rántí bí wọ́n ṣe tóbi tó?"

"Dókítà, èyí kéré. Èyí kéré gan-an ni." Màmá fi ọwọ́ wọn ún. "Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí mi. Ṣé kí wọ́n lọ mú un wá?"

Mo jókòó síbẹ̀, mo sì ń ronú nípa iye ọmọ tí mo ti wọ̀n, tí mo ti kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, tí mo ti fà lé ìyá wọn lọ́wọ́, láìjẹ́ pé mo bi àgbàlagbà kan ṣoṣo rí pé kí ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Táyé ni ó lọ mú ìwé náà wá ní ọjọ́ Sátidé. Inú ọ̀rá ni Màmá dì í sí, pẹ̀lú rìsíìtì ilẹ̀ Bàbá wa. Dókítà kà á, ó yí pọ́n-ùn sí kílò lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ́ káàdì ìdàgbàsókè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ó sì jẹ́ kí Táyé àti Kẹ́hìndé jọ wò ó.

Ohun tó ṣàlàyé fún wa, tí èmi náà lọ kà kínníkínní lẹ́yìn náà, lọ báyìí. Oúnjẹ àti atẹ́gùn ọmọ inú oyún ń gba inú ibi ọmọ kọjá. Bí ibà bá bá aláboyún jà, kòkòrò rẹ̀ lè kó jọ sínú ibi, kí ó sì dí ọ̀nà oúnjẹ. Oyún àkọ́kọ́ ni ó sì máa ń ṣe lọ́ṣẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ oyún àkọ́kọ́ ni èyí jẹ́ fún Màmá. Bí ọmọ bá tún di méjì, ibi ọ̀kan lè fìdí múlẹ̀ ju ti èkejì lọ. Ọmọ tí ohun tó ń wọlé fún un kò bá tó yóò ṣọ́ ọ ná: ọpọlọ ni yóò kọ́kọ́ bọ́, àwọn ẹ̀yà mìíràn, irú bíi kíndìnrín, iṣan, àti ẹ̀yà ẹ̀yìn ikùn tó ń ṣe insulin tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, yóò wá gba ohun tó ṣẹ́kù. Ìwọ̀n tí agbẹ̀bí kọ sílẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àmì ni, ó ń fi hàn bí ìnáwó inú oyún náà ṣe lọ.

Kíndìnrín ni ó yé Kẹ́hìndé jù. Inú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni àwọn asẹ́ tíntìntín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tí a bá pín in dọ́gba, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ gidigidi: àwọn ènìyàn kan ní bíi 200,000, àwọn mìíràn ní ju mílíọ̀nù méjì lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 inú oyún ni ṣíṣe wọn ń parí. Lẹ́yìn èyí, asẹ́ tó wà lè tóbi sí i, ṣùgbọ́n tuntun kò tún sí mọ́. Ọmọ tó kéré ní ọjọ́ ìbí sábà máa ń ní asẹ́ díẹ̀. Lọ́dún 1988, Barry Brenner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èrò kan kalẹ̀ pé bí asẹ́ bá kéré, èyí tó wà yóò máa ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ìfúnpá yóò gòkè, ìfúnpá náà yóò sì tún ba asẹ́ mìíràn jẹ́. Kẹ́hìndé fetí sílẹ̀ dé ìparí, ó wá ní, "Ó yé mi. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ méjì bá ń gbé oúnjẹ fún èrò tó yẹ kí ènìyàn mẹ́fà gbé fún, wọn yóò ṣe é. Fún ọdún púpọ̀ pàápàá. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣubú ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀." Dókítà ní òun yóò máa fi àpẹẹrẹ náà ṣàlàyé fún ẹlòmíràn.

Ti ṣúgà náà jọ ọ́. Nicholas Hales àti David Barker ni wọ́n sọ ọ́ lọ́dún 1992 pé ara tó ti múra sílẹ̀ fún ọ̀wọ́n láti inú oyún ni ọ̀pọ̀ máa ń yà lẹ́nu: iṣan kéré, insulin kò pọ̀, bí oúnjẹ bá wá dé ní rẹpẹtẹ, ọ̀rá ni yóò kó o sí.

Barker yìí kan náà ló ti kọ́kọ́ rí ìwé ìwọ̀n tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Láti 1911, ní ẹkùn Hertfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ethel Margaret Burnside, tó jẹ́ olórí àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀, mú kí wọ́n máa wọn gbogbo ọmọ ní ọjọ́ ìbí àti nígbà tí wọ́n bá pé ọdún kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Lọ́dún 1989, Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ọkùnrin 5,654 tí wọ́n bí níbẹ̀ láàárín 1911 sí 1930: àwọn tó fúyẹ́ jù ní ọjọ́ ìbí àti ní ọdún kan ni àrùn ọkàn pa jù. Èmi tí mo jẹ́ agbẹ̀bí kò lè ka èyí kí ara mi má yá gágá. Àwọn obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri abúlé, tí wọ́n ń gbé ìwọ̀n dání, kò mọ̀ pé ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà ni ẹnìkan yóò ṣí ìwé wọn.

Ní Helsinki, wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn tí wọ́n bí láàárín 1934 sí 1944, àbọ̀ tí wọ́n sì gbé jáde lọ́dún 2005 fi hàn pé àwọn tí àrùn ọkàn bá jà nígbà àgbà sábà jẹ́ àwọn tó kéré nígbà ìbí, tí wọ́n tín-ín-rín ní ọdún méjì, tí wọ́n wá ń yára sanra lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo kà á, káàdì Kẹ́hìndé ni mo rí lójú mi. Nílé wa níhìn-ín, ìwádìí kan ní Enugu, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2010, yẹ àwọn tó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún wò: àwọn tí ìyàn ogun abẹ́lé bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìṣòro ṣúgà àti ìsanrajù ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ.

Mo ní láti sọ ibi tí agbára ìṣẹ̀lẹ̀ kan mọ. Púpọ̀ nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọmọ ẹyin kan, Táyé àti Kẹ́hìndé kò sì jọra délẹ̀. Nítorí náà ohun tí wọ́n jogún lè yàtọ̀ bí tèmi ṣe yàtọ̀ sí tiwọn. Táyé ń gbé ní Ọ̀fà, ó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kílò 71 ni. Kẹ́hìndé dúró lẹ́bàá iná àti ìkòkò fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ìwọ̀n ọjọ́ ìbí nìkan ló mú àìsàn yìí wá ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ipa rẹ̀ lórí ìfúnpá kéré níwọ̀nba. Ti àtọ̀gbẹ ni ó lágbára díẹ̀, nítorí nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2008, wọ́n rí i pé fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ìwọ̀n ìbí bá fi pọ̀ sí i, ewu kí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì múni ń dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan. Ọmọ tó tóbi jù náà ní ewu tirẹ̀, àgàgà bí ìyá rẹ̀ bá ní àtọ̀gbẹ. Síbẹ̀, ní Denmark, lọ́dún 1997, wọ́n wo ìbejì tí àtọ̀gbẹ mú ọ̀kan tí kò mú èkejì, wọ́n sì rí i pé ẹni tó mú ni ó fúyẹ́ jù ní ọjọ́ ìbí, kódà láàárín àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹyin kan. Lójú tèmi, ìyẹn tó láti mú kí dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò ná an lówó.

Bí igi bá wó lu igi, tòkè ni à ń kọ́kọ́ gbé kúrò. Ìfúnpá ni dókítà kọ́kọ́ kojú: amlodipine, lẹ́yìn náà lisinopril nítorí purotéènì inú ìtọ̀, metformin fún ṣúgà. Ó ní kí ibuprofen àti àgbo kúrò nílé. Fún oúnjẹ, kò sọ pé kí Kẹ́hìndé má jẹ oúnjẹ ilé oúnjẹ ara rẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tó ń sè, wọ́n sì jọ ṣírò rẹ̀. Wọ́n dín iyọ̀ àti mágì inú ọbẹ̀ kù, irú ṣì wà níbẹ̀ láti máa mú un ta sánsán. Àmàlà di kékeré, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i. Ànàmọ́ tí Táyé ń kó bọ̀ láti Ọ̀fà kò kúrò nínú ilé, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é níwọ̀n. Ó ń rìn láti ilé dé ọjà ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Oògùn kan náà tí ó ti ń fò tẹ́lẹ̀ ni ó wá ń lò lójoojúmọ́ báyìí. Mo bi í léèrè ohun tó yí padà. Ó ní, "Ìdòwú, nígbà tí wọ́n ní ẹnu mi ló kó bá mi, mo gbà pé ìyà tó tọ́ sí mi ni mo ń jẹ. Ṣùgbọ́n mo rí ìwé yẹn. Ọmọ kílò kan àti ààbọ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni." Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jọ wo káàdì náà ni Táyé tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí Ìlọrin ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 138/86, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 78. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, 132/82 àti kílò 76. HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wálẹ̀ láti 8.6 sí 6.9. Purotéènì inú ìtọ̀ dín kù, kò tíì tán. Creatinine, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, dúró síbi tó wà, dókítà sì ní ìdúró yẹn gan-an ni ìròyìn ayọ̀, nítorí asẹ́ tó ti bàjẹ́ kì í padà.

Níbi iṣẹ́ mi, mo ń kọ ìwọ̀n ọmọ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ káàdì báyìí, mo sì ń sọ fún ìyá pé ìwé yìí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́ nìkan, pé kí ó tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ yóò fi ní ilé tirẹ̀. Bí ọmọ tó kéré bá ń sanra lẹ́yìn ọdún méjì ju bí ó ti ń ga lọ, mo máa ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́, níbi tí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́. Aláboyún tí kò tíì gba oògùn ìdènà ibà kì í kúrò níwájú mi kí n má bi í léèrè nípa rẹ̀ àti nípa àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn.

Ọmọbìnrin tí Kẹ́hìndé bí ní 2006 pé ọdún 18 ní 2024. Dókítà ní kí òun náà wá. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 118/74, ó wọn kílò 54, ó sì ga tó mítà 1.60. Dókítà ní kí wọ́n máa wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó má sì retí oyún kí ó tó sọ fún àwọn olùtọ́jú pé kílò 2.1 ni òun nígbà tí wọ́n bí òun, àti pé ẹ̀jẹ̀ ìyá òun ru nígbà oyún òun. Ìwé ìbí tirẹ̀ ti sọnù nígbà tí wọ́n kó kúrò ní ilé àkọ́kọ́. Nítorí pé èmi ni mo wọ̀n ọ́n, mo mú káàdì tuntun kan, mo kọ ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 37 àti kílò 2.1 sí i, mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Dókítà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì. Màmá gba èyí tí mo kọ, ó ká a, ó sì kó o sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ti àwọn ìbejì.